Omi Nàìjíríà kò dín kù, àwa la pọ̀ sí i

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka ohun tí ẹ gbé jáde lórí iye omi tó ń kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lágbàáyé, pẹ̀lú àkọlé gàdàgbà tó ní omi Nàìjíríà ń gbẹ tán lọ. Àkọlé yẹn ló mú mi kọ̀wé. Ohun tó wà nínú tábìlì tí ẹ tẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ kò sọ bẹ́ẹ̀ rárá.

Àjọ FAO, àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ló ń ṣírò omi tí òjò ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dá padà sínú odò àti abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún. Ti Nàìjíríà jẹ́ bílíọ̀nù 221 kúbíìkì mítà. Báǹkì Àgbáyé á wá pín in fún iye ènìyàn. Ìṣirò ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n pa pọ̀ ni 221 yẹn, òun ni wọ́n fi ṣírò ti àtijọ́, òun náà ni wọ́n fi ń ṣírò ti ìsinsìnyí. Ní 1960, a tó bí mílíọ̀nù 45, ohun tó kan ẹnì kan sì tó 4,900 kúbíìkì mítà. Lónìí a ti lé ní mílíọ̀nù 200 dáadáa, ó sì ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 1,000. Ọmọ la bí, òjò ò sá lọ. Kódà adágún Chad, tó fẹ̀ tó 25,000 kìlómítà níbùú lóròó ní 1963, tó sì súnkì títí kò fi ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ láàárín àwọn ọdún 1980, kò mú kí 221 yẹn yẹ̀. Ẹni tó bá ń wá ọ̀dá nínú tábìlì yìí kò ní rí i níbẹ̀.

Mi ò sọ pé kí a má bẹ̀rù o. Malin Falkenmark, onímọ̀ omi ọmọ ilẹ̀ Sweden, ló fi 1,000 ṣe ààlà ní 1989: ilẹ̀ tó bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀wọ́n omi ti dé bá a. Ẹnu ààlà yẹn gan-an la wà.

Ṣùgbọ́n olùkọ́ jọ́gíráfì ni mí, ohun tí mo sì máa ń ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe ni pé kí wọ́n sọ ọ́ di kẹ́ẹ̀gì. Kúbíìkì mítà kan jẹ́ lítà 1,000, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 lọ́nà 40. Kúbíìkì mítà 1,000 á wá jẹ́ kẹ́ẹ̀gì 40,000 lọ́dún, bí 110 lóòjọ́ fún orí kọ̀ọ̀kan, títí kan ọmọ ọwọ́. Ẹ wá wo àdúgbò wa n'Íbàdàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mẹ́rúwà á ti ọmọlanke rẹ̀ dé, ó ti fi ọ̀rá dí ẹnu àwọn kẹ́ẹ̀gì kí omi má baà dànù. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà á ra mẹ́rin, wọ́n á fi se oúnjẹ, wọ́n á bu díẹ̀ wẹ̀, èyí tí wọ́n fi ṣan abọ́ ni wọ́n á tún dà sí ilé ìyàgbẹ́. Níbo ni ìyókù wà? Oko ń mu nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù, ìgbà òjò ló ń rọ̀, ó ń ya wọ ilé àwọn èèyàn, ó sì ń ṣàn lọ sínú òkun nítorí pé a kò rí ibi gbà á sí.

Ìdí nìyí tí fífi ilẹ̀ kan wé òmíràn fi ń ṣini lọ́nà. Òdo ni Kuwait gbà nínú tábìlì náà, bẹ́ẹ̀ omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ ilé wọn, torí láti àwọn ọdún 1950 ni wọ́n ti ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun. Ti Brazil lé ní 25,000 fún ẹnì kan. Síbẹ̀ ní 2014, àwọn adágún Cantareira tó ń fún São Paulo lómi fà débi pé wọ́n ní láti gbé ẹ̀rọ lọ fa èyí tó kù nísàlẹ̀ ibi tí ẹnu páìpù dé. Ti Íjíbítì ló wá ń ṣini lọ́nà jù: kò tó 20 kúbíìkì mítà fún ẹnì kan, bí ẹni pé kò yẹ kí ẹ̀dá kankan wà láàyè níbẹ̀. Òjò inú ilé wọn nìkan ni tábìlì yẹn kà. Kò ka odò Nile, tí àdéhùn 1959 pẹ̀lú Sudan ti fún wọn ní bílíọ̀nù 55.5 lọ́dún nínú rẹ̀.

Tí ẹ bá tún fẹ́ gbé irú rẹ̀ jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya iye omi sọ́tọ̀, kí ẹ ya iye ènìyàn náà sọ́tọ̀, kí òǹkàwé lè rí èyí tó yí padà. Ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá omi tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá wà nínú rẹ̀. Tiwa á kúrò ní 221, á di bí 286, nítorí odò Ọya tó ti Guinea ṣàn wá àti Benue tó ti Kamẹrúùnù wọlé. Lẹ́yìn náà, ẹ rán oníròyìn yín kiri àwọn ìpínlẹ̀ wa, kó lọ ka iye ilé tí omi ẹ̀rọ ti ń yọ. Èmi á rà ju ẹ̀dà kan lọ lọ́jọ́ náà, nítorí àwọn ọmọ kíláàsì mi.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ jọ́gíráfì kan, Ìbàdàn