Àjàní, Gbé Fóònù Rẹ

Kubwa, Àbújá

Àjàní mi,

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún rèé tí o kò gbé fóònù mi. Wọ́n ní o ti kúrò nílé ìwé. Ẹni tó sọ ọ́ fún mi lọ́jà kì í purọ́, àmọ́ mi ò ní gbà á àfi kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ.

Ọyẹ́ ti dé, ètè gbogbo wa ti là. Àbúrò rẹ ti ń wọ bàtà tí o fi sílẹ̀.

Wọ́n ní ẹ̀kọ́ sẹ́ẹ̀lì lo ti fìdí rẹmi. Ẹ̀kọ́ tí mo fi ọdún 22 kọ́ ọmọ ọlọ́mọ! O ò sì lè pe ìyá rẹ? Ṣé màá pa ọ́ jẹ ni? Ó dáa, jókòó, má há a sórí. Okùn mẹ́ta ló gbé sẹ́ẹ̀lì ró. Actin ló tín-ín-rín jù, nǹkan bíi nanomítà 7 (bí o bá pín mílímítà kan sọ́nà mílíọ̀nù kan, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni nanomítà). Òun ló ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì rákò. Èkejì tó bíi 10, ó yi, kì í já bọ̀rọ̀. Irú rẹ̀ ló wà nínú irun orí rẹ. Ẹ̀kẹta ni microtubule, 25, ó ní ihò nínú bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ. Orí rẹ̀ ni prótéènì kan tó ń jẹ́ kinesin ń rìn bí alábàárù, ẹsẹ̀ méjì, ìṣísẹ̀ kan nanomítà 8, tó ń ru ẹrù nínú iṣan ìmọ̀lára láti ọ̀pá ẹ̀yìn títí dé ìka ẹsẹ̀.

Mo máa ń yà á sójú pátákó bí òpó ilé, gbọnrangandan. Mo ṣì wọ́n lọ́nà. Ọ̀pá microtubule yẹn kì í sinmi. Ó ń gùn, ó ń tú, ó tún ń gùn. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín, á tú èyí tó wà nílẹ̀, á fi èèlò rẹ̀ to òmíràn tí yóò fa krómósómù, tó gbé àbùdá ara wa, sọ́tùn-ún sósì.

Àjàní, nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún ọ. Láti oṣù Kẹfà ni wọ́n ti rí jẹjẹrẹ lọ́yàn mi. Oògùn paclitaxel ni wọ́n ń fà sí mi lára; èèpo igi kan ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ńṣe ló ń di àwọn ọ̀pá náà mú kí wọ́n má lè tú mọ́. Sẹ́ẹ̀lì tí ọ̀pá rẹ̀ kò bá lè tú kò lè pín, á kú. Ṣùgbọ́n iṣan ìmọ̀lára tó lọ sí ẹsẹ̀ náà ń jẹ nínú ìyà rẹ̀. Lánàá, bàtà bọ́ lẹ́sẹ̀ mi ní kíṣìnì, mo rìn dé ẹnu ọ̀nà, mi ò mọ̀. Àbúrò rẹ ló mú un tẹ̀lé mi.

Mo ń bá ọ wí pé o dákẹ́. Èmi náà dákẹ́.

Mo rántí ọjọ́ tí mo ya ìwé èsì rẹ níwájú àlejò, tí mo ní ẹnikẹ́ni kì í fìdí rẹmi nílé mi. O ò sunkún. O kàn ṣa bébà náà nílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọdún 14 ni ọ́. Dárí jì mí, ọkọ mi.

Ṣé lóòótọ́ lo ti kúrò nílé ìwé? Bó bá jẹ́ òótọ́, máa bọ̀ nílé. Bó bá jẹ́ irọ́, máa bọ̀ nílé. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n tún máa fa oògùn sí mi lára, láti aago mẹ́sàn-án sí aago kan, mi ò ní lè gbé fóònù nígbà yẹn. Ìgbà yòówù mìíràn, kódà lóru, pè mí.

Ìyá rẹ