Dépútè olùṣọ́ àṣà, ìwé tí ẹ kọ dà?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àwọn aṣòfin wa nílẹ̀ Benin, àwọn dépútè tó ń pe ara wọn ní olùṣọ́ àṣà, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Gbogbo wa la mọ̀ wọ́n. Bí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá jáde ní Kétu, ìjókòó iwájú ni tiwọn. Bí wọ́n bá ń sin òkú àgbà ní Ṣábẹ̀ẹ́, àwọn ló kọ́kọ́ máa ń gba gbohùngbohùn. Ọ̀rọ̀ wọn ò sì pọ̀ ju márùn-ún lọ: ìyàwó méjì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, oyún ṣíṣẹ́ ò bá ilẹ̀ wa mu, kí ọba padà sí ipò rẹ̀, kí àgbẹ̀ ta kajú rẹ̀ fún ẹni tó bá wù ú, kí ìjọba dín owó orí kù.

N kò bá wọn jà lórí ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Ó ju ẹyọ kan lọ nínú rẹ̀ tí èmi náà gbà. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé aṣòfin ni wọ́n, ṣùgbọ́n bí akígbe ni wọ́n ń ṣe. Ilé tí wọ́n ti ń ṣòfin ò sì jìnnà: Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí ló wà, nínú ààfin tí àwọn gómìnà Faransé fi sílẹ̀. Ohun tí dépútè bá fi sílẹ̀ níbẹ̀ lórí ìwé, òun nìkan ni a lè fi dá a lẹ́jọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ìyàwó méjì ṣáájú, torí òun ló ń gba àtẹ́wọ́ jù. Ní 2002, nígbà tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin kọ́kọ́ dìbò fún òfin ìdílé, wọ́n fi àyè sílẹ̀ nínú rẹ̀ kí ọkùnrin lè yàn bóyá ìyàwó kan tàbí púpọ̀ lòun fẹ́. Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ dá ìwé náà padà ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá ọdún yẹn. Ìdí wọn yé ọmọdé: bí ọkùnrin bá lè ní ìyàwó púpọ̀ tí obìnrin ò sì lè ní ọkọ púpọ̀, àwọn méjèèjì ò dọ́gba mọ́, abala 26 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ sì ní kí wọ́n dọ́gba lójú òfin. Àwọn aṣòfin tún ìwé náà ṣe, wọ́n tún dìbò ní 2004, ààrẹ sì fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún náà. Láti ìgbà yẹn, ìyàwó kan ṣoṣo ni mérì ń kọ sílẹ̀ fún ọkọ kan.

Dépútè tó bá wá ń sọ fún wa pé òun yóò dá ẹ̀tọ́ àwọn bàbá wa padà, ẹ bi í pé ọ̀nà wo ló fẹ́ gbà. Àbá òfin lásán ò lè ṣe é. Bí gbogbo ọmọ ilé bá fọwọ́ sí i láàárọ̀, Ilé Ẹjọ́ kan náà lè da á nù nírọ̀lẹ́, abala 124 sì sọ pé ìdájọ́ wọn ò ní kòtẹ́milọ́rùn. Òfin Ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀ ló máa fọwọ́ kàn. Abala 154 ń béèrè ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn aṣòfin kí wọ́n tó lè gba àbá àtúnṣe yẹ̀ wò. Dépútè 109 ló wà nílé, nítorí náà 82 ni. Lẹ́yìn ìyẹn, abala 155 ní kí gbogbo ìlú dìbò lé e lórí, àyàfi bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àwọn aṣòfin bá fọwọ́ sí i. 88 nìyẹn.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé 88 ò ṣeé rí. Ní oṣù Kọkànlá 2025, 90 ló dìbò fún àtúnṣe tó sọ sáà ààrẹ di ọdún 7, tó sọ ti dépútè náà di 7, tó sì dá ilé àgbà tí wọ́n ń pè ní Sénat sílẹ̀. 19 péré ló kọ̀. Ìyàwó méjì ò sí nínú ohun tí wọ́n tún ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ nǹkan, wọ́n mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Obìnrin kejì ni ọ̀rọ̀ ẹnu yìí ń pa lára jù. Lábẹ́ òfin ìdílé, ìgbéyàwó tí òṣìṣẹ́ mérì so nìkan lòfin mọ̀. Wọ́n lè ti gbé ìdáná wá, kí ẹbí méjèèjì ti jẹun, kí ó ti bímọ mẹ́rin. Lọ́jọ́ tí ọkọ bá kú, kì í ṣe opó lójú òfin. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ ìyàwó àgbà, bí bàbá bá ti fi orúkọ ara rẹ̀ sí ìwé ìbí wọn. Dépútè tó fẹ́ràn ìdílé ìbílẹ̀ lóòótọ́ ì bá máa sọ èyí nínú gbohùngbohùn: ẹ lọ kọ orúkọ ọmọ yín, bí ẹ bá sì ní ilẹ̀ tàbí ilé tí ẹ fẹ́ fún ìyá wọn, ẹ ṣe é níwèé nígbà tí ojú yín ṣì wà lókè. Ìyẹn ò gba ìbò 88.

Ti oyún náà ní ọ̀nà tirẹ̀, ìyẹn sì rọrùn ju ti ìyàwó lọ. Òfin 2003 lórí ìlera ìbímọ ti gbà kí dókítà yọ oyún bó bá ń wu ẹ̀mí ìyá léwu, bó bá jẹ́ ti ìfipábánilòpọ̀ tàbí ti ìbátan sí ìbátan, tàbí bí àrùn tó le gan-an bá ń ṣe ọmọ inú. Ní oṣù Kẹwàá 2021, àwọn aṣòfin fi ìdí mìíràn kún un: bí oyún náà bá máa kó obìnrin sí ìnira ti owó, ti ẹ̀kọ́, ti iṣẹ́ tàbí ti ọkàn, bí kò bá sì tíì kọjá ọ̀sẹ̀ 12. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì pariwo, ṣùgbọ́n ó di òfin ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá.

Kí òfin tó di òfin, àyè kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀. Abala 57 fún ààrẹ ní ọjọ́ 15 láti fọwọ́ sí ìwé tí wọ́n gbé wá fún un, tàbí kó ní kí àwọn aṣòfin tún un gbé yẹ̀ wò. Ní gbogbo àkókò yẹn, abala 121 gbà kí dépútè èyíkéyìí, ẹyọ kan ṣoṣo, kọ̀wé sí Ilé Ẹjọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ pé ìwé yìí lòdì sí Òfin Ìpìlẹ̀. Kò nílò ẹgbẹ́, kò nílò 82. Bí ààrẹ bá ti fọwọ́ sí i, ilẹ̀kùn dépútè ti tì; abala 122 tó ṣí sílẹ̀ fún aráàlú gbogbo ló kù, tàbí kó mú àbá wá láti pa ibi tí kò fẹ́ rẹ́ nínú òfin oyún náà. Àbá bẹ́ẹ̀ ò lè ju ojú-ìwé kan méjì lọ: àlàyé ìdí rẹ̀, abala tí a fẹ́ yọ, ohun tí a fẹ́ fi rọ́pò. Ó kọ ọ́, ó fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ààrẹ Ilé, wọ́n á gbé e fún kọmísíọ̀n (ìgbìmọ̀ kékeré àwọn aṣòfin) tó bá yẹ nínú márùn-ún tó wà níbẹ̀, ìyẹn á ṣe ìròyìn, ilé á dìbò. Ẹni tó bá sì fẹ́ pa á rẹ́, kó kọ sínú àlàyé rẹ̀ ohun tó fẹ́ ṣe fún ọmọbìnrin tí yóò padà lọ mu àgbo nínú yàrá olókùnkùn. Bí kò bá rí ìdáhùn sí ìyẹn, kó má tíì sọ̀rọ̀.

Kajú wá ńkọ́? Níbí, ọ̀pọ̀ wọn ò tilẹ̀ mọ ẹni tí wọ́n ń bá jà. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin kọ́ ló ní kí kajú tí a ò tíì fọ́ má jáde nílẹ̀ wa mọ́. Àṣẹ ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà ni, èyí tí wọ́n ń pè ní décret, ti 2022: sójà dúró ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin 2023, kajú ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin 2024, kí àwọn ilé iṣẹ́ ní Glo-Djigbé lè rí ohun fọ́. Dépútè tó ní òun yóò “dìbò tako o”, ìbò wo?

Èmi ò lòdì sí pé ká fọ́ kajú wa fúnra wa. Ibi tí bàtà ti ń ta àgbẹ̀ lẹ́sẹ̀ ni mo ń wò. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kajú ní Ṣábẹ̀ẹ́ kì í já a lórí igi. Èyí tó bá já bọ́ fúnra rẹ̀ ló ń ṣà. Á yí kóró kúrò lára èso lọ́jọ́ náà gan-an, á sá a sóòrùn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, á máa yí i padà, títí tí yóò fi máa dún kórókóró bí ó bá mì ín nínú ẹ̀kúnwọ́. Àpò jute ló ń kó o sí. Àpò ọ̀rá máa ń mú un làágùn, inú kóró á dúdú, owó á sì bá a lọ. Olùrà tó mọṣẹ́ á ka iye kóró tó wà nínú kílò kan. Bí ó bá wà láàárín 180 sí 200, ó dára. Á wá la díẹ̀ sí méjì, á wọn èyí tí inú rẹ̀ funfun: bí àpò kílò 80 bá lè mú líbírà (pọ́n-ùn) 46 sí 48 jáde, kajú gidi nìyẹn.

Bí iye owó bá wá jẹ́ ọ̀kan náà fún ẹni tó sá a dáadáa àti ẹni tó rọ́ tútù sínú àpò ọ̀rá, ta ni yóò fi ọjọ́ mẹ́ta ṣọ́ oòrùn? Níbi tí olùrà bá sì ti dín kù, ẹni tó ń gba ọ̀nà ìgbẹ́ Nàìjíríà wá lóru pẹ̀lú owó lọ́wọ́ ni àgbẹ̀ yóò dá lóhùn. Ohun tó yẹ kí dépútè bi mínísítà nìyẹn, abala 113 sì fún un ní àṣẹ: ìbéèrè níwèé, ìbéèrè lẹ́nu, tàbí ìgbìmọ̀ ìwádìí. Ta ló ń yẹ ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn kajú wò? Ọjọ́ mélòó ni àgbẹ̀ máa ń dúró kí owó rẹ̀ tó dé? Kí ló dé tí iye owó ò tẹ̀ lé bí kajú bá ṣe dára tó? Ìbéèrè mẹ́ta péré. Mo ń retí rẹ̀ lẹ́nu olùṣọ́ àgbẹ̀ kan.

Owó orí ò pẹ́ sọ. Abala 107 ní dépútè ò lè mú àbá wá tó máa dín owó ìjọba kù tàbí tó máa fi kún ìnáwó rẹ̀, àfi bó bá mú ibi tí owó mìíràn yóò ti wọlé dání, tàbí ìnáwó tí a ó gé ní iye kan náà. Bó bá ní òun fẹ́ yọ TVA, ìyẹn owó orí ọjà tó jẹ́ 18 nínú ọgọ́rùn-ún, kúrò lórí nǹkan kan, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ fi dí àlàfo. Bó bá dákẹ́, á jẹ́ pé kò ka abala 107, tàbí ó kà á ó sì mọ̀ pé àbá òun ò ní kọjá ẹnu ọ̀nà.

Ní ti ọba, wọ́n dìbò fún òfin oyè ìbílẹ̀ ní oṣù Kẹta 2025: ìjọba ọba 16, ipò olóyè ńlá 80, ipò ìbílẹ̀ 10. Inú mi dùn sí i, ká má purọ́. Àmọ́ nígbà tí iye bá ti wọ inú òfin, òfin mìíràn ló máa yí i. Ìlú tó bá ní wọ́n fo òun, kí dépútè rẹ̀ mú àtúnṣe wá, pẹ̀lú orúkọ àwọn ọba tó jẹ tẹ̀ léra àti ibi ìsìnkú wọn. Dídọ̀bálẹ̀ láàfin ò lè yí iye padà. Bí ẹnìkan nínú wọn bá sì tún ní òun yóò ṣí ẹnubodè fún wa: láti oṣù Kẹjọ 2019 di oṣù Kejìlá 2020, Nàìjíríà ló ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kò sí dépútè Àjàṣẹ́ tó lè bá wọn ṣí i ní Ìgóòlò. Kí wọ́n má fi ìyẹn tọrọ ìbò mọ́.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti èdè. Abala 40 ní kí ìjọba máa tan Òfin Ìpìlẹ̀ àti ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn kálẹ̀, kó sì lo èdè ilẹ̀ wa lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Ta ló yẹ kó gbé ọ̀rọ̀ yìí lórí bí kò ṣe ẹni tó ń fi òwe mẹ́wàá ṣí ọ̀rọ̀ níbi òkú àgbà? Kò ná ìjọba ní ilé tuntun, kò ná a ní òpópónà. Kí wọ́n béèrè wákàtí mélòó ni wọ́n fi Yorùbá ka Òfin Ìpìlẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

Wọ́n á ní ẹgbẹ́ ló ń pàṣẹ. Lóòótọ́, láti ìdìbò oṣù Kìíní 2026, ẹgbẹ́ méjì ló pín gbogbo ìjókòó 109, 60 fún ọ̀kan, 49 fún èkejì. Ẹgbẹ́ tí kò bá rí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹkùn ìdìbò 24 ti jáde nìyẹn, bó bá rí 40 ní ẹkùn kan tó sì rí 19 ní òmíràn. Ṣùgbọ́n abala 80 ní dépútè kọ̀ọ̀kan ń ṣojú gbogbo orílẹ̀-èdè, kò sì sí àṣẹ ẹnikẹ́ni tó lè de ìbò rẹ̀. Bó bá ní wọ́n fi okùn so òun, òun ló na ọrùn.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín nìyí, Olóòtú. Nínú ìdajì kejì oṣù Kẹwàá ni ìjókòó ètò ìnáwó máa ṣí. Ẹ rán oníròyìn kan lọ sílé náà. Kó kọ orúkọ àwọn dépútè Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Ìpóbẹ̀, Ìtakété àti Àjàṣẹ́ sí apá òsì ìwé, kó la ọwọ̀n mẹ́rin sí apá ọ̀tún: àbá òfin, àtúnṣe, ìbéèrè sí ìjọba, ìwé sí Ilé Ẹjọ́. Kó kún un ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ títí oṣù mẹ́ta yóò fi pé. Ibi tó bá ṣófo, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀.

Òǹkàwé yín,
Àjàṣẹ́