Ẹ yé pe afurasí ní ọ̀daràn kí adájọ́ tó sọ̀rọ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà. Bí ìwé ìròyìn yín bá ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, ojú ìwé tí ẹ ń kọ ìròyìn kóòtù sí ni mo kọ́kọ́ ń ṣí. Ọdún 27 ni mo fi ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù májísíréètì kí n tó fẹ̀yìntì. Èmi ni mo ń dúró ti olùjẹ́jọ́ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí mo ń sọ ọ̀rọ̀ adájọ́ di Yorùbá fún un, tí mo sì ń sọ èsì tirẹ̀ di Gẹ̀ẹ́sì fún kóòtù. N kì í ṣe lọ́yà, ṣùgbọ́n etí mi ti gbọ́ púpọ̀.

Àkọlé ìròyìn yín kan ló gbé mi dìde lọ́sẹ̀ tó kọjá: “Ọwọ́ ọlọ́pàá tẹ ọ̀daràn mẹ́rin”. Mo ka ìròyìn náà dé ìsàlẹ̀. Wọn kò tíì gbé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dé kóòtù. Kò sí adájọ́ kankan tó tíì gbọ́ ohùn wọn. Níbo lẹ ti wá mọ̀ pé ọ̀daràn ni wọ́n? Ẹnu ọlọ́pàá nìkan ni. Bẹ́ẹ̀ abala 36 nínú Ìwé Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 là á yéni pé ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn, aláìlẹ́bi ni títí wọn yóò fi fi ẹ̀rí hàn pé ó jẹ̀bi.

Yorùbá kò kúkú ṣaláìní ọ̀rọ̀ tí a lè fi sọ ọ́. Ẹni tí ọlọ́pàá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, afurasí ni. Bó bá dé iwájú adájọ́ tí wọ́n sì ka ẹ̀sùn sí i létí, ó di olùjẹ́jọ́. Ìgbà tí adájọ́ bá gbọ́ tẹnu ọ̀tún, tó gbọ́ tòsì, tó wá dá a lẹ́bi, ìgbà náà ni a tó lè pè é ní ọ̀daràn. Ẹ̀yin kì í dúró de adájọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti mú un lẹ ti ń dá a lẹ́jọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà tó ń gun ọ̀kadà. Ẹnìkan ló ra ọ̀kadà náà tó ní kó máa gùn ún, kó sì máa san owó fún òun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìṣòro dé, owó ọ̀sẹ̀ mélòó kan wọ́lẹ̀, ẹni tó ni ọ̀kadà bá gba tẹ́ṣàn lọ. Nígbà tí wọ́n mú ọmọ náà dé, ọlọ́pàá bi í pé báwo ni ọ̀kadà yìí ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. Ó fèsì pé: “Mo gbà á lọ́wọ́ wọn ni.” Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè yìí, ẹ mọ̀ pé ọmọ lè gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, olè náà sì lè gba fóònù lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ lọ́nà. “Gbà” kan náà ni. Ọlọ́pàá tó ń kọ sítétímẹ́ǹtì kò béèrè pé èwo nínú méjèèjì ni. Ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ńṣe ni ọmọ náà fipá mú ọ̀kadà ọlọ́kadà lọ. Wọ́n ní kí ọmọ tẹ̀ka, ó tẹ̀ka. Kó tó di ọjọ́ kẹta, wọ́n ti tò ó pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn níwájú àwọn oníròyìn, wọ́n ti yà á ní fọ́tò, ìwé ìròyìn kan sì ti gbé e jáde pé olè ọ̀kadà ni.

Oṣù mọ́kànlá ló lò látìmọ́lé. Ọjọ́ tí wọ́n mú sítétímẹ́ǹtì yẹn jáde ní kóòtù, èmi ni mo kà á fún un ní Yorùbá. Ó wò mí bíi pé èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn. Ó ní, “Bàbá, n kò sọ bẹ́ẹ̀ o.” Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà. Mo rò ó pé àwọn mélòó ló ti sọ gbólóhùn bẹ́ẹ̀ tí kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá nítòsí wọn tó lè ṣàlàyé rẹ̀. Lọ́yà ọ̀fẹ́ tí wọ́n fún un bi ọlọ́pàá náà léèrè ọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀ sì gbà pé kò sí ògbufọ̀ kankan níbẹ̀ nígbà tí òun ń kọ ọ́. Adájọ́ dá ọmọ náà sílẹ̀. Kò sí oníròyìn kankan ní kóòtù lọ́jọ́ yẹn.

Bẹ́ẹ̀, òfin wà tí ì bá ti gbà á lọ́wọ́ gbogbo wàhálà yẹn. Òfin ìgbẹ́jọ́ ẹ̀sùn ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015, èyí tí àwọn lọ́yà ń pè ní ACJA, sọ ní abala 17 pé bí afurasí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ògbufọ̀ ni kó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kó kà á padà fún un títí yóò fi yé e, kó tó fọwọ́ sí i. Ògbufọ̀ náà gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ sórí ìwé náà. Abala yìí kan náà fàyè gbà á pé kí afurasí ṣe sítétímẹ́ǹtì níwájú lọ́yà rẹ̀, tàbí níwájú ẹlòmíràn tí òun fúnra rẹ̀ bá yàn. Ti ìjọba àpapọ̀ àti Àbújá ni òfin 2015 yìí o. Àwọn ìpínlẹ̀ ní tiwọn tí wọ́n ṣe lójú kan náà, Èkó tilẹ̀ ti ní irú rẹ̀ láti 2007. Mélòó nínú àwọn tí wọ́n ń mú lójoojúmọ́ ló gbọ́ nípa rẹ̀ rí?

Ohun tí mo ń sọ fún àwọn tó ń wá bá mi nílé ni pé sítétímẹ́ǹtì kì í ṣe dandan. Abala 35 nínú Ìwé Òfin fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá mú láǹfààní láti dákẹ́, kó má dáhùn ìbéèrè kankan títí yóò fi rí lọ́yà tàbí ẹlòmíràn tó bá fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ká bá ọlọ́pàá jà o. Ohùn pẹ̀lẹ́ ni kí ẹ fi sọ ọ́: “Ọ̀gá, mo máa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ rí lọ́yà mi ná.” Àwọn kan máa ń bi mí pé, ṣé ẹni tó dákẹ́ kò ti fi hàn pé òun jẹ̀bi ni? Rárá. Ẹni tó fẹ̀sùn kanni ni ẹrù ẹ̀rí wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá sì fi lílù gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn, kóòtù kò gbọdọ̀ lò ó. Adájọ́ á dá ẹjọ́ gidi dúró ná, yóò gbọ́ ẹjọ́ kékeré kan láàárín rẹ̀ láti mọ̀ bóyá tinútinú ni olùjẹ́jọ́ fi sọ ohun tí wọ́n kọ. Láti 2017 ni a sì ti ní òfin tó sọ ìdálóró fúnra rẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n lè tìtorí rẹ̀ fẹ̀sùn kan ọlọ́pàá tó bá dán an wò.

Ọ̀rọ̀ gbèsè náà kò tán lẹ́nu àwọn ènìyàn. “Bàbá Ògbufọ̀, mo jẹ ẹ́ lówó, ó sì ti lọ kó ọlọ́pàá wá.” Ọlọ́pàá kì í ṣe agbowó gbèsè. Òfin 2015 náà, àti Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, sọ pé wọn kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí àdéhùn tó bàjẹ́ láàárín ẹni méjì. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó, kóòtù ló yẹ kó gbé e lọ. Ọ̀tọ̀ ni ẹni tó fi ètekéte gba owó olówó, ọ̀tọ̀ ni ẹni tó fún ènìyàn ní ṣẹ́ẹ̀kì tó mọ̀ pé kò sówó nínú rẹ̀. Ìwọ̀nyẹn lè di ẹ̀sùn ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà tí kò fi rí owó san, kì í ṣe ọ̀daràn. Òfin méjèèjì yìí kan náà ló ní kí wọ́n má ṣe mú ìyàwó nítorí pé wọ́n wá ọkọ tí wọn kò bá a nílé. Mo ti rí ìyá àgbàlagbà tó sùn sí tẹ́ṣàn nítorí ọmọ rẹ̀ tó sá lọ. Títí di òní ni ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí.

Ti béèlì ńkọ́? Ara ògiri tẹ́ṣàn ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé ọ̀fẹ́ ni, abẹ́ àkọlé yẹn gan-an ni wọ́n sì ti ń ná an bí ẹni ń nájà. Òfin kò ní kí ẹnikẹ́ni san kọ́bọ̀ fún ọlọ́pàá kí wọ́n tó fún un ní béèlì. Ohun tí oníduùró ń fọwọ́ sí ni pé, bí ẹni tí òun dúró fún bá sá lọ, òun yóò san iye tó wà nínú ìwé. Obìnrin lè dúró fún ènìyàn. Òfin 2015 sọ pé wọn kò gbọdọ̀ torí pé ẹnìkan jẹ́ obìnrin nìkan kọ̀ ọ́ ní oníduùró. Síbẹ̀, mo mọ ìyàwó ilé kan tí wọ́n dá padà lẹ́nu kọ́ńtà pé kó lọ pe ọkọ rẹ̀ wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi sọ fún àwọn ènìyàn wa pé béèlì kò pa ẹjọ́ rẹ́. Àwọn kan á gba béèlì tán, wọn á tú ẹrù wọn lọ sí ìlú mìíràn, wọn á rò pé ó ti parí.

Àkókò tún ńkọ́? Láàárín wákàtí 24, ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé fún ẹni tí wọ́n mú, ní èdè tó gbọ́, ìdí tí wọ́n fi mú un. Kí wọ́n sì gbé e dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan bí kóòtù tó lágbára láti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bá wà láàárín kìlómítà 40 síbẹ̀. Bí kò bá sí, ọjọ́ méjì, àyàfi tí kóòtù bá rí i pé ó yẹ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìgboro Ìbàdàn níbí, tẹ́ṣàn wo ló jìnnà sí kóòtù tó kìlómítà 40? Ìdí nìyí tí mímú ènìyàn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì fi máa ń bí mi nínú, nítorí wọ́n mọ̀ pé kóòtù kò ní ṣí títí di ọjọ́ Ajé. Ẹ̀sùn tí ìyà rẹ̀ jẹ́ ikú ṣòro ní tirẹ̀. Májísíréètì kò lágbára láti gbọ́ ọ, adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló sì lè fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní béèlì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pẹ́ lẹ́wọ̀n láìjẹ̀bi ohunkóhun. Ẹ lọ wo ọgbà ẹ̀wọ̀n wa, àwọn tó ń dúró de ìdájọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Ẹni tí kò lówó lọ́yà, kó lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council, tí ìjọba dá sílẹ̀ láti 1976 fún irú wọn. Èkó tún ní Office of the Public Defender. Ẹni tí wọ́n bá sì mú lọ́nà tí kò bófin mu, Ìwé Òfin ní kí wọ́n san owó gbà-máà-bínú fún un, kí wọ́n sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba. Ilé ẹjọ́ gíga ló máa gbé e lọ.

Ní gbangba ni òfin wí. Ní gbangba náà ni ẹ̀yin oníròyìn ti ń bá àwọn ènìyàn lórúkọ jẹ́. Láti 2021 ni òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní kí ọlọ́pàá má ṣàfihàn afurasí fún oníròyìn mọ́. Ẹ kò nílò kí òfin kan tún dé ọ̀dọ̀ yín kí ẹ tó jáwọ́. Ẹ fi “afurasí” sípò “ọ̀daràn” nínú àkọlé yín. Ẹ fi nǹkan bo ojú wọn nínú àwòrán. Èyí tó jẹ mí lógún jù ni pé kí ẹ yan akọ̀ròyìn kan tí yóò máa tẹ̀lé ẹjọ́ dé òpin, kó lè jẹ́ pé ojú ìwé tí ẹ fi kọ ọ́ pé wọ́n mú ènìyàn náà lẹ máa fi kọ ọ́ pé wọ́n dá a sílẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́kadà yẹn ti di bàbá ọlọ́mọ báyìí. Lọ́dún tó kọjá ló wá sílé mi. Ó fẹ́ gba yàrá lọ́wọ́ onílé kan, ṣùgbọ́n onílé náà ti rí àwòrán rẹ̀ àtijọ́ lórí fóònù, kò sì fún un ní yàrá. Mo bá a lọ sí kóòtù, a gba ẹ̀dà ìdájọ́ tí akọ̀wé kóòtù fọwọ́ sí. Inú ọ̀rá ló fi í sí, kò sì síbi tó ń lọ tí kì í mú un dání. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ ìròyìn rẹ̀, ó ní òun gbà, ẹ̀dà kan sì wà lọ́wọ́ mi.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ògbufọ̀ kóòtù tó ti fẹ̀yìntì,
Ìbàdàn.