Lẹ́tà sí Àkànní: Ta Ló Máa Sanwó fún Ọ?

Ìbàdàn

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Báwo ni Leeds? Ìyá Ìbejì ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà la wà níbí, àfi ooru tó fẹ́ bó wa láwọ̀. Mo ka ọ̀rọ̀ gígùn tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp tán, mo tún un kà. Ọ̀rọ̀ náà ju ohun tí èèyàn lè fi ohùn gbà sílẹ̀ dáhùn lójú ọ̀nà ọjà lọ, ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ lẹ́tà.

O ní iṣẹ́ òyìnbó ti sú ọ, pé o fẹ́ wá dá iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà tìrẹ sílẹ̀ nílé. O béèrè iye tí wọ́n ń gba yàrá ọ́fíìsì ní Bódìjà. O béèrè irú láptọ́ọ̀pù tí wàá kó bọ̀. O tiẹ̀ ti yan orúkọ, o ti ya àmì ìdánimọ̀ rẹ̀, ó sì dára, mi ò ní purọ́. Ẹni tó máa sanwó nìkan lo gbójú fò. Ta ni? Kí ló ń dà á láàmú tó fi máa tọwọ́ bàpò torí tìẹ? Ìgbà wo lówó náà máa jáde? Iṣẹ́ ò wọ́n ní Nàìjíríà, Àkànní. Ẹni tó máa sanwó iṣẹ́ lọ́jọ́ tó dá ló wọ́n.

Ọ̀rọ̀ ìwé ò le mọ́, n ò ní fi dá ọ dúró. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìforúkọsílẹ̀ òwò, báyìí. Láti ìgbà tí CAMA tuntun, òfin tó de kọ́ńpìnnì, ti jáde ní 2020, ẹnì kan ṣoṣo lè dá kọ́ńpìnnì aládàáni sílẹ̀. Kò dìgbà tó o bá lọ bẹ àbúrò ìyàwó rẹ kó wá bá ọ tọwọ́ bọ̀wé. ₦100,000 ni owó ìpín tó kéré jù tí òfin fẹ́ fún irú kọ́ńpìnnì bẹ́ẹ̀. Gba kọ́ńpìnnì limited, má gba orúkọ òwò lásán. Bí gbèsè bá ṣẹlẹ̀, kọ́ńpìnnì ni wọ́n máa bá ṣẹjọ́, wọn ò ní torí ẹ̀ wá lẹ ìwé mọ́ ara ilé tí bàbá yín fi sílẹ̀. Àfi tó bá jẹ́ ìwọ fúnra rẹ lo lọ ṣe onídùúró ní báńkì, ìyẹn á wá di àfọwọ́fà. Wá agbẹjọ́rò tàbí akáǹtáǹtì tó mọ̀ ọ́n ṣe, san owó rẹ̀ fún un, kó o gbọ́kàn kúrò níbẹ̀.

Ohun tí àwa ń tà, bó o ṣe mọ̀, ni software, ètò orí kọ̀ǹpútà, fún àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Láti ayé òfin 1935 ni àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ wa ti ń forúkọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Lónìí, agbára káká ni wàá fi rí yunifásítì, ọsibítù ńlá tàbí sẹkitéríàtì tí kò ní tiẹ̀. Pípọ̀ tí wọ́n pọ̀ nìkan kọ́ la rí. Inú owó oṣù ni wọ́n ti ń yọ owó ẹgbẹ́ kó tó dọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́, nítorí náà, oṣooṣù lowó ń wọlé fún wọn, bójò rọ̀, bójò ò rọ̀. Ẹni tówó ń wọlé fún déédéé ló lè sanwó fún èèyàn déédéé. Ilé oúnjẹ, iléèwé aládàáni kékeré, ìjọ tó ń kọ́lé lọ́wọ́, gbogbo wọn ló nílò kọ̀ǹpútà, wọ́n á sì bá ọ dọ́rẹ̀ẹ́, àmọ́ wò wọ́n dáadáa kó o tó bá wọn gba iṣẹ́ ọdún kan.

Jẹ́ kí n sọ ti akápò kan fún ọ. Àgbà ni wọ́n, wọ́n ti ń múra àtifẹ̀yìn tì nígbà náà. Lẹ́jà wọn tóbi tó ìrọ̀rí. Bírò búlúù ni wọ́n fi ń kọ owó tó wọlé, pupa ni ti ẹ̀yáwó, wọ́n á sì gbé rúlà tì í kí ìlà má baà wọ́. A gbé áàpù wa jáde fún wọn, a fi hàn wọ́n bí ọmọ ẹgbẹ́ á ṣe máa wo owó rẹ̀ lórí fóònù, bí èlé ẹ̀yáwó á ṣe máa ṣírò ara rẹ̀. Wọ́n fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ síwá tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó mà dáa o. Tí iná bá wá lọ ńkọ́?" Mo ní bátìrì wà, sà. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ó dáa. Tí ẹ̀yin fúnra yín bá lọ ńkọ́?"

Ìwé ni bàbá ń fẹ́. Wọ́n fẹ́ ohun tí wọ́n lè tẹ̀ jáde ní ìparí oṣù, tí ìlà rẹ̀ bá ti lẹ́jà wọn mu, tí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀, kí ọ́díítọ̀ dé kó rí i. A ṣe bọ́tìnì ìtẹ̀wé fún wọn. Bọ́tìnì yẹn ló tà á. Áàpù orí fóònù tá a fi ń yangàn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ò ṣí i rí títí dòní. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán tó ń sọ iye tí wọ́n yọ nínú owó oṣù wọn ti tó wọn. A sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ọjọ́ tá a bá kógbá wọlé, gbogbo àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ á padà sí wọn lọ́wọ́ ní Excel. Gbogbo ẹgbẹ́ tá a bá lọ ni wọ́n ń fẹ́ rí gbólóhùn yẹn kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé. Ìwọ tó o wà ní Leeds, ibo lo ti fẹ́ gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀?

Má sì gbàgbé pé nọ́ńbà fóònù, owó oṣù àti gbèsè àwọn èèyàn ló wà níkàáwọ́ rẹ. Òfin ààbò ìwífún tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 ò fi ọwọ́ kékeré mú un. Àmọ́ ìtìjú àárín ìlú tiẹ̀ tún le ju ti òfin lọ. Jẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ iye tí ọ̀gá rẹ̀ yá ní kóópù, ìyẹn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn, kó o wá wò ó bóyá ẹgbẹ́ kankan á tún pè ọ́.

Ó wá kan gbígba owó. Ìdajì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kò sí àlàyé níbẹ̀. Owó ọdọọdún, ká ti gbà á kí wọ́n tó ṣe ìpàdé gbogbogbòò, torí bí wọ́n bá ti pín èrè tán, àpò ẹgbẹ́ á gbẹ, akápò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pè ọ́ ní "ọmọ mi dáadáa". Iléeṣẹ́ ńlá tún yàtọ̀. A bá ọ̀kan ṣiṣẹ́ rí, n ò ní dárúkọ wọn. Iṣẹ́ parí, wọ́n yìn wá, wọ́n bá wa ya fọ́tò. Owó ńkọ́? Fáìlì wà lórí tábìlì ọ̀gá. Ọ̀gá lọ sí Àbújá. Ọ̀gá dé, ọ̀gá tuntun ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fìdí kalẹ̀. Oṣù ń parí lọ ní tiẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ sì ń jẹun, kò sẹ́ni tó ń fi fọ́tò san owó ilé. Nígbà tówó wá dé, wọ́n ti yọ owó orí nínú ẹ̀ ká tó rí i. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ sí ọ, má bínú, ṣáà gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, òun lo máa fi dín owó orí tìẹ kù. Ti VAT, owó orí tí wọ́n ń bu lé ọjà àti iṣẹ́, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, owó ìjọba ni, má bá wọn ná an. Bó o bá bi mí, n ó ní kó o ní owó oṣù mẹ́fà àwọn òṣìṣẹ́ nílẹ̀ kó o tó gba ẹnikẹ́ni. Owó ọ́fíìsì Bódìjà tó ò ń béèrè yẹn, fi kún un. Ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà là ń lọ, wọn kì í wá sọ́dọ̀ wa.

Náírà ni wàá máa gbà, dọ́là ni wàá máa ná. Èyí ni wọn kì í sọ fún ẹni tó ń bọ̀ láti òkè òkun. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ pé kí ọjà máa sọ iye rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, nǹkan bíi ₦460 ni dọ́là kan ní báńkì. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tó ń san $100 lóṣù fún server, kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí software ń gbé, ₦46,000 ló ń san tẹ́lẹ̀. Ó wá di ohun tó lé ní ₦150,000, server kan náà, bó ṣe wà ló wà. Àdéhùn tó o sì bá kóópù ṣe ńkọ́? Náírà ni, ti ọdún kan ni, wọ́n sì ti san án. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 2022, àwọn báńkì kan ti dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí $20 lóṣù. Ibi tíwọ ti wá sàn jù wá lọ ni pé o ní àkáǹtì níbẹ̀. Síbẹ̀, kọ ọ́ sínú àdéhùn pé iye owó lè yí padà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kó o sì wá server tí wọ́n ń fi náírà tà nílé fún èyí tó bá ṣeé gbé síbẹ̀.

Iná ńkọ́? Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n ti gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn pọ̀ jù, láti nǹkan bíi ₦68 lọ sí ₦225 fún yúnìtì kan. Ra sóòlà àti ìnfátà kó o tó ra àga. Íntánẹ́ẹ̀tì, ní oríṣi méjì tí kò gba ọ̀nà kan náà. O rántí ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2024, tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ pa pọ̀ létí Abidjan? O pè mí lọ́jọ́ náà, o ò rí mi bá sọ̀rọ̀. Báńkì ń pariwo, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tì. Àwọn akápò tiwa ń bá iṣẹ́ wọn lọ, torí a ti ṣe é kó lè ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tó wà níwájú wọn, kó wá kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá dé. Ní Leeds, o lè má ronú irú ẹ̀ láéláé. Níbí, òun ni kó o kọ́kọ́ rò.

Àwọn ọmọ tó mọṣẹ́ pọ̀ nílé yìí, wọ́n yára, wọn ò sì lọ́lẹ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ti mọ̀ ọ́n dáadáa, iléeṣẹ́ kan ní Berlin á fi yúrò pè wọ́n, ọmọ náà á sì jókòó sí yàrá rẹ̀ ní Akóbọ̀ máa bá wọn ṣiṣẹ́. N ò bú wọn o, ìwọ náà ṣáà bá ọkọ̀ òfuurufú lọ. Ohun tá à ń ṣe ni pé a máa ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀, a ò sì jẹ́ kí pásíwọ́ọ̀dù kankan wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Kó lọ ní àlàáfíà, kí iṣẹ́ má bá a lọ.

O mẹ́nu ba Paystack, iléeṣẹ́ tó ń bá èèyàn gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pé irú ẹ̀ lo fẹ́. Ta ni ò fẹ́? Shola Akinlade àti Ezra Olubi bẹ̀rẹ̀ ní 2015, nígbà tó sì di oṣù Kẹwàá ọdún 2020, Stripe, iléeṣẹ́ ńlá tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà lókè òkun, rà wọ́n, wọ́n ní iye rẹ̀ lé ní $200 mílíọ̀nù. Àmọ́ wo ohun tí wọ́n tà: wọ́n bá oníṣòwò gba owó lọ́wọ́ oníbàárà. Ọ̀rọ̀ owó gbígbà tí mo ń bá ọ sọ látàárọ̀ ni wọ́n sọ di ọjà. Òfin Startup, ti àwọn iléeṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tuntun, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022 náà wà, ó lè ṣe ọ́ láǹfààní bí ohun tó ò ń ṣe bá jẹ́ tuntun, tí kọ́ńpìnnì rẹ ò sì tíì ju ọdún 10 lọ. Ti pé kó o wá olówó tó máa kówó sí i, jẹ́ kó di ẹ̀yìn ìgbà tí oníbàárà bá ti ń san tiẹ̀.

Nítorí náà, má tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Fi orúkọ ẹgbẹ́ tàbí iléeṣẹ́ mẹ́ta tó o rò pé wọ́n á sanwó fún ọ ránṣẹ́ sí mi, kì í ṣe ìbátan, kì í ṣe ìjọ yín. N ó lọ wò wọ́n. Bó o bá sì gba ìsinmi wálé ní oṣù Kejìlá, má fi gbogbo ẹ̀ jó lóde àríyá. Ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ wa ń ṣe ìpàdé gbogbogbòò lọ́sẹ̀ kejì. Mo ti bá alága sọ ọ́, wọ́n ní kó o wá jókòó sẹ́yìn. Aago mẹ́wàá ni wọ́n máa ń pè é, má wá ṣáájú mọ́kànlá.

Bá mi kí Ìyá Ìbejì. Bàtà tí wọ́n bi mí nípa ẹ̀, nọ́ńbà mẹ́jọ ti UK ni mò ń wọ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àjàní