Irin kì í dìgbà tó bá yọ́ kó tó tẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, a kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín ní Tákíè níbí, àìmọye ìgbà ni mo sì ti dúró kà á lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ fẹ́ńdọ̀ (ẹ má bínú), àmọ́ mi ò kọ nǹkan kan sí yín rí. Lẹ́tà tẹ́ ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ló mú mi gbé fóònù. Ọ̀gbẹ́ni tó kọ ọ́ ní àwọn púrúǹtù ló ń gba irọ́ tí wọ́n ń pa kiri lórí àwọn ìkọlù ńlá gbọ́, pé Amẹ́ríkà ló fọwọ́ ara ẹ̀ wó ilé gogoro méjì tí wọ́n fi bàálù kọlù ní New York lọ́dún 2001, pé ti àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n jí kó ní Chibok ò ṣẹlẹ̀ rárá, pé àwọn olóṣèlú ló ṣètò ìkọlù ṣọ́ọ̀ṣì Ọ̀wọ̀. Ó ní káwọn èèyàn ṣáà ti kàwé, gbogbo ẹ̀ á tán.

Ọ̀gá o. Jórinjórin ni mí, pírámárì síìsì ni mo ti dúró kí n tó wọṣẹ́. Ẹni tó ń kó irú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ṣọ́ọ̀bù mi jù, yunifásítì ló ti jáde, ọmọ àdúgbò wa ni, ọmọ dáadáa, òun ló ń bá mi kọ risíìtì táwọn oníbàárà fi ń gbowó lọ́fíìsì wọn. Èmi púrúǹtù ni mò ń bá a jiyàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà gan-an ńkọ́, ṣebí ọ̀jọ̀gbọ́n fisíìsì àtàwọn ẹnjiníà wà lára àwọn tó ń sọ pé wọ́n ti ri bọ́ǹbù mọ́ inú ilé yẹn tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ti púrúǹtù sílẹ̀ jàre.

Fídíò tó máa ń gbé wá yẹn ní epo bàálù ò lè yọ́ irin. Òótọ́ ni! Ibẹ̀ gan-an ló ti dùn. Irin tí wọ́n fi kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀, ó máa tó nǹkan bí 1,500 digírì kó tó yọ́, iná epo bàálù kì í sì í ju bí 1,000 lọ. Tó o bá gbọ́ ibẹ̀ yẹn tó ò mọ nǹkan kan nípa irin, wàá ní ah, wọ́n ti tàn wá jẹ. Àmọ́ inú àgbẹ̀dẹ ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi á ki irin bọná, wọ́n á ní kí n máa fín ẹwìrì, tó bá ti pọ́n bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ wọ́n á fi ẹ̀mú yọ ọ́, ọmọ owú á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, irin á máa tẹ̀ síbi tí wọ́n bá darí ẹ̀ sí, ó ń di àdá, ó ń di ọkọ́, ẹ̀kán kan ò sì yọ́ nínú ẹ̀. Ta ló wá ní dandan ni kí irin yọ́ kó tó jọ̀gọ̀ nù? Tó bá ti gbóná dé nǹkan bí 600 digírì, bí ìdajì agbára ẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ilé alájà 110 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ilé yẹn, bàálù ti já lára òpó ẹ̀ dànù, ó ti gbọn ohun tí wọ́n fi bo irin nítorí iná dànù, iná wá ń jó, gbogbo àjà òkè sì jókòó lé e lórí. Èyí tí wọ́n kọlù ṣìkejì ló kọ́kọ́ wó, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta ni bàálù wọ̀ ọ́, nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú kan ó ti wá sílẹ̀, torí ìsàlẹ̀ díẹ̀ ni bàálù ti gbá a, ẹrù orí ẹ̀ pọ̀ ju ti ìkíní lọ. Ẹni tó bá ti gbé tánkì omi lé orí irin rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Lọ́jọ́ kan ọ̀rọ̀ náà sú mi, mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi gbé rọ́ọ̀dù mílímítà 12 wá, a fún un mọ́ fáìsì, mo so àfọ́kù búlọ́ọ̀kù kan rọ̀ sí ìpẹ̀kun ẹ̀. Kò mira. Mo wá tan gáàsì sí i láàárín, kò pẹ́ tó pọ́n, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹrí ba díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ tó ń tòògbé ní ṣọ́ọ̀ṣì, títí búlọ́ọ̀kù fi kanlẹ̀. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ hó yèè. Ọmọ yunifásítì wa yìí wò ó, ó wò mí, ó ní, “Ọ̀gá, mo gbà. Àmọ́ Building 7 ńkọ́?”

Building 7, fún ẹni tí ò bá mọ̀, ilé alájà 47 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn méjì yẹn ni, bàálù ò kàn án rárá, ó sì wó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ní nǹkan bí aago márùn-ún kọjá ogún ìṣẹ́jú. Òun ni gbogbo wọn máa ń sá sí tó bá ti di iṣu ata yán-an-yàn-an. Ìdáhùn wà níbẹ̀ náà, àwókù tó ń jó láti ara èyí tó wó kẹ́yìn nínú méjèèjì ló ràn án, ó ń jó láti àárọ̀, páìpù omi ti bẹ́ nígboro kò sí omi tí wọ́n máa fi paná, irin tó ń gbóná ń gùn sí i (kò sí wẹ́dà tí ò mọ èyí) ó wá ti igi irin kan kúrò níbi tó jókòó lé, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti tú. Ó yé mi yékéyéké. Àmọ́ ẹ gbọ́, ìgbà wo ni àwọn olùwádìí ìjọba wọn tó gbé ìwé ìkẹyìn jáde lórí ilé yẹn? November 2008. Ọdún méje! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ náà ti ń lọ sílé ìwé. Oko tá ò ro fún ọdún méje, ṣé ẹ rò pé òdòdó ló máa hù níbẹ̀?

Ìgbà yẹn ló yé mi pé ọ̀rọ̀ ò sí nínú irin. Mo dí ihò kan, ó gba òmíràn jáde, torí ohun tó ń lé e kiri kì í ṣe ìbéèrè, ó ti gbà lọ́kàn ẹ̀ tipẹ́ pé irọ́ ni ìjọba máa pa, ẹ̀rí ló kàn ń wá fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ìjọba fúnra wọn? Lọ́dún 1962 àwọn ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà kọ ìmọ̀ràn sílẹ̀ pé káwọn dọ́gbọ́n ṣe ìkọlù káwọn dì í ru Cuba, káwọn lè rí ohun gbógun lọ síbẹ̀. Kennedy kọ̀, kò wáyé, àmọ́ ìwé ọ̀hún wà, ó sì jáde síta ní 1997. Lọ́dún 2003 wọ́n ní Iraq kó ohun ìjà olóró pa mọ́, wọ́n wọ ibẹ̀, wọ́n tú gbogbo ẹ̀, wọn ò rí i. Ẹni tó bá ti gbọ́ méjì yìí, tó o bá tún ní kó gba ìjọba gbọ́ lórí ìkẹta, á ní o ya wèrè ni.

Tiwa wá lọ jìnnà. Sunday 19 October 1986 ni wọ́n fi lẹ́tà oníbọ́ǹbù pa Dele Giwa akọ̀ròyìn nínú ilé ẹ̀, títí dòní kóòtù kankan ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Wọ́n yìnbọn pa Kudirat, ìyàwó MKO Abiola, l'Ékòó ní June 1996, sójà kan tó jẹ́ ara ẹ̀ṣọ́ Abacha jẹ́wọ́ ní kóòtù pé òun lòun yìn ín, ó tún yí ohùn padà, ẹjọ́ náà ń fà títí tí ọ̀pọ̀ wa fi gbàgbé. Ìyẹn kì í ṣe àhesọ o, ojú wa báyìí ló ṣe. Ẹ tún wo ti Buhari, ó lo ju 100 ọjọ́ lọ ní London lọ́dún 2017, wọn ò sọ àìsàn tó ń ṣe é fún ọmọ Nàìjíríà kan, làwọn kan bá ní ó ti kú, pé ẹnì kan tó jọ ọ́, Jubril láti Sudan, ló wà nílé ìjọba. Àwa ń rẹ́rìn-ín ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, àfi bó ṣe di December 2018 tí Ààrẹ fúnra ẹ̀ dúró ní Poland tó ń ṣàlàyé fáyé pé òun lòun. Bí wọ́n bá ti sọ ohun tó ń ṣe é látìbẹ̀rẹ̀, níbo ni Jubril ì bá ti ráyè wọlé?

Nǹkan míì tún wà níbẹ̀. Nǹkan ńlá ò gbọdọ̀ ní ìdí kékeré lójú wa. Èèyàn 19 tó mú ọ̀bẹ pélébé dání, kí wọ́n pa èèyàn tó sún mọ́ 3,000 ní orílẹ̀-èdè tó ní ológun tó lágbára jù láyé, ọkàn ò gbà á. Ìgbà tí ilé ìkóbọ́ǹbù pamọ́ bú ní bárékè Ìkẹjà ní January 2002, gbogbo Èkó ló ń pariwo pé àwọn sójà ti gbàjọba, àwọn èèyàn sá kó sódò Òkè-Àfà, èyí tó kú ju 1,000 lọ, bẹ́ẹ̀ iná ló ràn mọ́ àwọn bọ́ǹbù àtijọ́ tí wọ́n ti yẹ kí wọ́n kó kúrò láàárín ìlú. Àìbìkítà lásán. Lọ́jọ́ tí Bódìjà bú n'Ìbàdàn ní January 2024 náà, àbúrò mi pè mí pé Boko Haram ti dé, gómìnà wá sọ pé àwọn tó ń wa kùsà láìgbàṣẹ ló kó ohun abúgbàù sínú ilé. Ẹ wò ó, àìbìkítà ò dùn ún gbọ́ létí bí ọ̀tẹ̀. (Ọ̀sẹ̀ tí bàálù wọ ilé yẹn ní New York gan-an, ìjà ń lọ ní Jos tó pa nǹkan bí 1,000 èèyàn, mi ò tíì gbọ́ kí ẹnì kankan gbé fídíò ìyẹn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.)

Kí n má dẹ̀bi ru ọmọ yẹn nìkan, èmi náà ṣe é rí, ti èmi burú jù. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni ò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Sunday 5 June 2022 ni wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì St Francis l'Ọ́wọ̀ tí wọ́n pa èèyàn tó tó 40, ọjọ́ kejì ló yẹ kí APC bẹ̀rẹ̀ ìpàdé tí wọ́n fẹ́ fi yan olùdíje wọn l'Ábújá. Èmi ni mo gbé ìbòjú wẹ́dà sórí tí mò ń ṣàlàyé fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ yẹn pé ẹ wo déètì o, ẹ wò ó dáadáa, olóṣèlú ló ṣètò ẹ̀, wọ́n fẹ́ fi da nǹkan rú ni, ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn lẹ́nu mi. Ọkùnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé àga onírin tẹ́sẹ̀ ẹ̀ yọ wá, kò sọ nǹkan kan látàárọ̀. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹni tẹ́ ẹ ní ó ṣètò ẹ̀ yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n?” Mo ní ta ni ò mọ̀ wọ́n. Ó ní, “Ẹ bá mi dárúkọ ẹ̀. Ìyàwó àbúrò mi wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn lọ́jọ́ náà, kò padà wálé. Àbúrò mi ń bi gbogbo èèyàn. Ẹ dárúkọ ẹ̀ kí n pè é kí n sọ fún un.”

Fóònù ti wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kò bínú o, kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀, ó ń retí orúkọ lóòótọ́.

Mi ò ní orúkọ kankan. Mo fa ìbòjú bojú, mo jó ẹsẹ̀ àga ẹ̀ mọ́ ọn, mo ní kó má san owó, ó san án, ó ní ẹ ṣé, ó lọ. Mi ò tíì jókòó ronú pé irọ́ ni mò ń pa títí dìgbà yẹn, torí kò ṣe mí bí irọ́ rárá, ó ń ṣe mí bíi pé mo mọ abẹ́nú ọ̀rọ̀ ju àwọn tó ń gbọ́ rédíò lásán lọ. Adùn ẹ̀ nìyẹn. Jórinjórin tí ẹnikẹ́ni ò bi léèrè ọ̀rọ̀ ìlú rí, ó ti wá di ẹni tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe l'Ábújá. Ti Chibok náà bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ ọ́, pé níbo ni wọ́n ti rí ọmọbìnrin 276 kó lẹ́ẹ̀kan, títí tí 21 fi dé lọ́dún 2016, tí 82 tún dé lọ́dún 2017. Nígbà tí wọ́n dé, kò sẹ́ni tó wá sọ fún ara ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù pé a ṣìwí.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ní August 2025 ni wọ́n tó gbé èèyàn márùn-ún dé kóòtù l'Ábújá lórí ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀, ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kó wọn dé ni gbogbo yín máa ń gbé e sójú ìwé àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn ẹ á dákẹ́, àwọn oní-WhatsApp á bá yín parí ẹ̀. Ẹ bá wa rán akọ̀ròyìn síbẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá jókòó, ohun tí ẹlẹ́rìí bá sọ kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n bá sún ẹjọ́ síwájú kẹ́ ẹ kọ ọ́ pé wọ́n sún un àti ìdí tí wọ́n fi sún un, ojú ìwé kan náà ni kó máa wà ká mọ ibi tá a ti máa wá a. Tí kò bá tiẹ̀ dùn ún kà, ẹ máa gbé e. Ọkùnrin tó gbé àga wá yẹn ṣì máa ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá, mo sì fẹ́ rí nǹkan gidi tí mo lè kà fún un.

Èmi ni tiyín,
Jórinjórin kan, Ògbómọ̀ṣọ́.