Ẹ Ṣeun Tí Ẹ Bá Wa Ṣe Ìsàmì Ìdòwú

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tó wá láti Ìjẹ̀bú-Òde àti Àdó, ẹ kú ẹsẹ̀ rírìn, ẹ kú àdúrótì.

Ẹ kúkú rí i pé ètò ò pé. Iná ti lọ láti òru Sátidé. Táyé ju bàtà ìyá rẹ̀ kan sínú dúrọ́ọ̀mù omi, níbi tí a sì ti ń wá bàtà, ìrẹsì jóná. Àdúrà òwúrọ̀ wá di ẹsẹ̀ orin kan péré. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, báwo la ṣe fẹ́ gbé ọmọ lọ síwájú Ọlọ́run báyìí?" Wọ́n ní, "Ọlọ́run ti wà níbí látàárọ̀. Ẹ bá mi di bọ́tìnì."

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí Àlùfáà ṣe bi wá bóyá a kọ èṣù àti gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, ni Ìdòwú figbe ta. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ orúkọ tí àgbà ń pe ọmọ tó tẹ̀lé ìbejì, mo rí yín, ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.)

Bàbá àgbà wa, tí ìtàn kì í tán lẹ́nu wọn, ní nígbà tí David Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ gbé ìgbàgbọ́ wọ Ìbàdàn ní 1853, inú ilé tiwọn gan-an ni wọ́n ń kó ọmọ ọlọ́mọ jọ sí. Ṣé ilé yẹn á dákẹ́?

Àlàájì aládùúgbò wa, jẹnẹrétọ̀ yín ló gbà wá. Ìyá Ìjọ tó gbé Kẹ́hìndé lẹ́sẹ̀ títí ìwàásù fi parí, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin àǹtí tó ṣán aṣọ tó tún gbé ìkòkò kaná, wọ́n máa ń dá Màtá lẹ́bi nínú Lúùkù 10, àmọ́ bí kì í bá ṣe Màtá, ebi ì bá lu gbogbo Màríà ọjọ́ Àìkú pa. Lálẹ́, ẹ̀ ń fọ abọ́, ẹ gbé orin tí a já láàárọ̀, ẹ kọ ọ́ títí dé Àmín. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, mi ò lè wọlé.

Ilé yín kò ní dá páropáro. Ẹ̀yin náà á ṣe tiyín, a ó bá yín ṣe é.

Kúlà aláwọ̀ búlúù kan ṣì wà lọ́dọ̀ wa o. Táyé ti sọ ọ́ di ọkọ̀ Nóà, adìyẹ Àlàájì méjì sì ti wọ̀ ọ́. Kí olówó rẹ̀ tètè wá.