Ẹ gbẹ́ kànga kí ẹ tó mọ búlọ́ọ̀kù

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá tí wọ́n sì ń kọ́ ilé sí abúlé létí, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi ni, ó sì ń dùn mí bí mo ṣe ń rí àwọn mìíràn tí wọ́n fẹ́ gba ọ̀nà kan náà.

Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n abúlé bàbá mi kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Láti ọdún 2021 tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà rélùwéè tuntun tó so Èkó mọ́ Ìbàdàn, mo lè wọ ọkọ̀ ojú irin ní Agége láàárọ̀ Sátidé, kí n sọ̀ ní Mọ́níyà, kí n sì wọ mọ́tò gba títì Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, tó tó bíi kìlómítà 65, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti tún ṣe. Oòrùn kì í tíì wọ̀ tí n ó fi dé orí ilẹ̀ mi. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé n kò ní àwáwí kankan: ọ̀nà wà, èmi ni n kò lọ. Orí fóònù ni mo ti ń kọ́lé.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò fún mi ní wàhálà rárá. Ilẹ̀ ẹbí ni, àwọn àgbà fọwọ́ sí ìwé, awọnlẹ̀ sì wá ri òpó ààlà mọ́lẹ̀.

Nínú oṣù Ọ̀pẹ tí mo kó àjọ, mo fi owó àpò sìmẹ́ńtì 40 ránṣẹ́, wọ́n sì mọ búlọ́ọ̀kù tó lé ní 1,200. Nígbà tí wọ́n fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, tí mo rí i bí wọ́n ṣe tò ó lọ rẹrẹ, inú mi dùn, mo fi han àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Oṣù Ẹrẹ́nà ni mo tó débẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé ọ̀kan, igun rẹ̀ sì já sí mi lọ́wọ́. Mo fi ìka ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń dà sílẹ̀ bíi gààrí. Bíríkìlà tó bá mi lọ gbé òmíràn, ó jù ú sílẹ̀ láti ìwọ̀n orúnkún, ó sì fọ́ sí mẹ́ta. Ó wò mí lójú, ó ní, “Ọ̀gá, wọn ò fún un lómi mu.”

Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé gbígbẹ ni sìmẹ́ńtì fi ń le. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ló fi ń le, bí oòrùn àti ọyẹ́ bá sì ti fa omi inú rẹ̀ tán kí iṣẹ́ rẹ̀ tó parí, kò tún ní lágbára tó yẹ mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí á da àpò tútù bo búlọ́ọ̀kù tuntun, kí á sì máa bu omi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méje, ó kéré tán. Odò abúlé wa ti gbẹ ní àkókò tí à ń wí yìí, omi táńkà sì wọ́n, nítorí náà èyí tí wọ́n máa fi po yanrìn nìkan ni àwọn òṣìṣẹ́ rà. N kò bá ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tí mo fi síbẹ̀ wí, nítorí òun náà ní oko tirẹ̀ tó ń bójú tó. Ojú olójú kò lè dà bí ojú ẹni.

Kànga ló yẹ kí n kọ́kọ́ gbẹ́, ìparí ẹ̀ẹ̀rùn sì ni ìgbà tó yẹ kí á gbẹ́ ẹ. Aládùúgbò mi kan gbẹ́ tirẹ̀ nínú oṣù Ọ̀wàrà, ó kan omi ní ẹsẹ̀ bàtà 12, wọ́n jó, wọ́n yọ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Ṣẹẹrẹ, amọ̀ ni dúrọ́ọ̀ wọn ń bù. Bàbá agbẹ́kànga tó bá mi ṣe tèmi nínú oṣù Ẹrẹ́nà yẹn kan náà kò kan omi títí ó fi dé ẹsẹ̀ bàtà 28, síbẹ̀ kò dúró. Ó ní, “Ọmọ mi, ibi tí omi sá sí nísinsìnyí ni ilé rẹ̀,” ó sì gbẹ́ kọjá ibẹ̀ kó tó ní kí á máa sọ òrùka kọnkéré sí i. Kò tíì gbẹ láti ìgbà náà, àwọn ìyàwó ilé agbo ilé mẹ́ta ló sì ń pọn níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó jìnnà sí ṣáláńgá tó mítà 30, kí ẹ sì ṣe ìdérí sí i. Ẹni tó bá fẹ́ ti ẹ̀rọ, kí ó kọ́kọ́ pe àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wádìí omi, nítorí àpáta líle ló wà lábẹ́ ilẹ̀ Òkè-Ògùn, inú pàlàpálá rẹ̀ sì ni omi ń gbé.

Olóòtú, mo bẹ̀ yín, kí oṣù Èrèlé tó dé, ẹ rán akọ̀ròyìn yín kan sí àwọn agbẹ́kànga ní Ìsẹ́yìn àti Ṣakí, kí ó bi wọ́n nípa àsìkò, jíjìn àti iye òrùka, kí ẹ sì tẹ ìdáhùn wọn jáde fún àwa tí à ń fi owó ránṣẹ́ láti òkèèrè.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín ní Agége, Èkó.